ARIWO TÍ BÀBÁ ONÍLÉ KÒ GBỌ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tó ń gbọ́ bùkátà owó ilé-ìwé àti ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ni, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé tàbí tí wọ́n ń gbé sí ẹnu géètì níta, tí wọ́n ní ó ń lé eku, aáyán, ológbò, ajá àti ewúrẹ́. Wọ́n ń kiri rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó, wọ́n ń tà á ní Ìbàdàn, ẹni tó bá sì ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù lè bá a nínú ẹrù tí ọmọ fi ránṣẹ́ sílé. Láti Ìbàdàn dé Ìwó kò ju nǹkan bí kìlómítà márùndínláàádọ́ta lọ. Ohun tó bá ti dé ọ̀hún, ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà wa ló dé.

Ohun tí àwọn tó ń tà á fi ń polówó rẹ̀ ni pé kì í pariwo. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, eku nìkan ló ń gbọ́ ọ." Irọ́ ni. Ariwo ni ẹ̀rọ náà ń pa; iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Bí kò bá pariwo, kí ni yóò fi lé ẹran? Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó sanwó rẹ̀ kì í sábà gbọ́ ariwo náà. Àwọn ẹlòmíràn ló ń gbọ́ ọ, àwọn tí a kì í sì í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé. Gbogbo ìró tí à ń gbọ́, afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni. Bí ó bá gbọ̀n ní ìwọ̀nba ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn ìsàlẹ̀ ni, bíi ti ìyá ìlù. Bí ó bá gbọ̀n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ohùn tín-ín-rín tó ga ni, bíi súfèé. Etí ọmọdé lè gbọ́ ìró tó ń gbọ̀n tó ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n etí a máa darúgbó bí irun ṣe ń hewú, ìró tó ga jù lọ ló sì ń kọ́kọ́ sá mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í sábà gbọ́ ohun tó kọjá bíi 12,000 sí 14,000 mọ́. Kò sì ní mọ̀ pé òun pàdánù nǹkan kan, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Yóò máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò máa gbọ́ ìròyìn, yóò máa jó sí ìlù, yóò sì rò pé ohun gbogbo tó ń dún láyé ni òun ń gbọ́.

Àwọn ẹran ọ̀sìn wa kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ewúrẹ́ àti àgùntàn kọjá 30,000. Ti ajá kọjá 40,000. Ti ológbò kọjá 60,000, ti eku sì tún ga ju ìyẹn lọ. Ẹyẹ ló yàtọ̀: etí adìẹ, ẹyẹlé àti odídẹrẹ́ kò ga tó ti ènìyàn rárá. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ẹ̀rọ yìí fún ọmọ Ìwó, tí a fi odídẹrẹ́ kì, tó sì ń sọ fún un pé yóò lé ẹyẹ kúrò lórí àgbàdo tó sá síta, kí ọmọ Ìwó bi í léèrè pé etí wo ni ẹyẹ náà yóò fi gbọ́ ọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé síta láti lé ológbò àti ajá, ìró wọn kò ga kọjá ibi tí etí ọmọdé dé. Òmíràn ní ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ yí sísàlẹ̀ tàbí sókè. Bàbá tó ń yí i kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, kò sì lè mọ ìgbà tí ó ti yí i dé ibi tí yóò ti máa gún ọmọ aládùúgbò létí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ náà sí inú ilé kan ní Gìdìgbó tàbí ní Mọ́lété. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni, ìdílé mẹ́fà ló ń gbé ibẹ̀. Bàbá onílé ra ẹ̀rọ, ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí eku, ó sì lọ sùn. Ọmọ ọdún méje tó wà ní yàrá kejì sọ fún ìyá rẹ̀ pé nǹkan kan ń dún yíìn-yíìn létí òun. Ìyá ní kò sí nǹkan tó ń dún. Lọ́jọ́ kejì ọmọ tún sọ ọ́, wọ́n ní etí ló ń dùn ún, wọ́n ro òróró sí i. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní àwáwí ló ń wá kí ó má baà lọ sí ilé-ìwé. Bí ilé àwa onígbàgbọ́ bá sì ni, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi ní ẹ gbé ọmọ yìí wá fún àdúrà, ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ló ń gbọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí láàárín wa. Ọmọ tó ń gbọ́ ohun tí àgbà kò gbọ́, kì í pẹ́ kí á tó fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tí a bá sì ti fún ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ojú rẹ̀ a rí màbo.

Ẹ rántí Báláámù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Ẹranko rí ohun tó dí ọ̀nà, wòlíì kò rí i, wòlíì sì bẹ̀rẹ̀ sí lu ẹranko. Ìgbà mẹ́ta ló lù ú. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ ríran ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ta ni yóò wá lọ bá bàbá onílé? Ìyá ọmọ, tí owó ilé rẹ̀ ti lé oṣù méjì? Tí òun fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́ ìró náà dáadáa? Kí ni yóò sọ? "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa yọ ẹ̀rọ yín, ọmọ mi ní òun ń gbọ́ nǹkan." Bàbá yóò ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ bí ilé òun kò bá bá a lára mu.

Àwọn kan yóò sọ pé àsọdùn ni, pé ta ló fẹ́ fi ariwo lé ọmọ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Wales, ní Bìrìtéènì, fún wọn. Ní ọdún 2005 ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Howard Stapleton, ará Merthyr Tydfil, ṣe ẹ̀rọ kan tó sọ ní Mosquito, ìyẹn ẹ̀fọn. Ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Barry ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ìró rẹ̀ wà ní nǹkan bí 17,000, tí ọ̀dọ́ ń gbọ́ tí ọ̀pọ̀ àgbà kò gbọ́. Kì í ṣe ẹran ni wọ́n fẹ́ fi lé o. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ kíyè sí i: ọgbọ́n kan náà ni, ti ìró gíga tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò ní gbọ́. Ohun tí a fi ń lé ológbò kúrò nínú ọgbà ni wọ́n yí sí ọmọ ènìyàn, ọjà náà sì tà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé náà kò kúkú gọ̀: ní ọdún 2006 wọ́n ti gba ìró náà sórí fóònù, wọ́n ń lò ó nínú kíláàsì kí olùkọ́ má baà gbọ́ nígbà tí fóònù bá dún. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ gbé kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kò ní fóònù, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 2008 kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Al Aynsley-Green, àti ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Liberty dìde láti ní kí wọ́n fòfin de ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 2010 àpérò àwọn aṣòfin Council of Europe ní kí wọ́n lé e kúrò ní gbogbo ibi tí ará ìlú ń rìn, wọ́n ní ó ń tàbùkù àwọn ọ̀dọ́, ó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ láìṣẹ̀. Síbẹ̀ ìjọba Bìrìtéènì kò fòfin dè é. Ní ọdún 2016 ọ̀jọ̀gbọ́n Timothy Leighton ti Yunifásítì Southampton kọ̀wé pé irú ìró gíga báyìí ti pọ̀ ní ibi tí ará ìlú ń gbà kọjá, àti pé àwọn kan ń ráhùn orí fífọ́, èébì àti òòyì. Ó ní ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé lórí rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé ara àgbàlagbà níbi iṣẹ́ ni wọ́n gbé e lé, kì í ṣe ara ọmọdé tó ń gbé nítòsí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò sọ pé gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ènìyàn léṣe, àwa náà kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ń gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ di òpùrọ́ lẹ́nu ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ó kan ẹran náà. Ẹran tó wà níta lè sá. Àgbò tí a so mọ́ igi lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọdún Iléyá bá kù díẹ̀, níbo ni yóò sá gbà? Èèyàn melòó ló ń so àgbò ní Ìwó nírú àsìkò bẹ́ẹ̀? Bí ẹni tó wà lódìkejì ògiri bá gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kọjú sí wọn nítorí òórùn, okùn wà lọ́rùn ẹran, ariwo wà létí rẹ̀, olówó rẹ̀ sì ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àgbò òun kò jẹun. Ti ológbò tilẹ̀ tún burú jù. Nínú gbogbo ohun tó ń mú eku nínú ilé Yorùbá, kò sí èyí tó dà bí ológbò. Òun gan-an ni ẹ̀rọ tí a rà láti lé eku yóò kọ́kọ́ máa dà láàmú, nítorí etí rẹ̀ kò kéré sí èyí tó lè gbọ́ ọ. A lé ọlọ́pàá, a fi olè sílẹ̀.

Ṣé ó tiẹ̀ ń lé eku? Ibí yìí gan-an ni inú ti ń bí wa jù, nítorí owó tálákà wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2001 àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ẹ̀tàn nínú òwò, Federal Trade Commission, kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí àti àwọn tó ń tà á, wọ́n lé ní ọgọ́ta. Ó ní ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀rọ òun ń lé eku àti kòkòrò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́. Ìdí tí ẹ̀rí náà fi ṣòro kò farasin. Ìró tó ga bẹ́ẹ̀ kì í la ògiri kọjá, kì í la àpótí kọjá, àpò ìrẹsì lásán tó láti dí i. Eku tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kò gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó sì gbọ́ ọ, bí ó bá rí i pé oúnjẹ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì pa òun, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò ti mọ́ ọn lára. Kí á má parọ́: àwọn tó dán ti ìta wò pẹ̀lú ológbò nínú ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ó lè dín wíwọlé wọn kù díẹ̀. Ó dín in kù, kò dá a dúró. Èyí kì í ṣe ohun tí ọlọ́jà ń sọ.

Eku nílẹ̀ wa kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n jẹ nìkan. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní apá Bọ̀rnó, eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ló ń kó o ran ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó bá wa pààlà, wà lára àwọn tó ń fara gbá a jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì mọ bí ó ti rí. Ìyá tó ti kì ẹ̀rọ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó wá gbà pé eku kò sí mọ́, tó fi gààrí sílẹ̀ láìbò mọ́lẹ̀ lálẹ́, ẹ̀rọ náà ti ṣe é níbi ju pé ó gba owó rẹ̀ lọ. Iná tí à ń mú tí à ń dá padà ńkọ́? Ní òru tí iná kò sí, ẹ̀rọ ti kú, eku kò kú.

Ohun tó ń lé eku, àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ dí ihò ara ògiri. Ẹ bo oúnjẹ sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ gbé pàǹtírí jìnnà sí ilé. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa kò ní gbàgbé wọlé-wọlé, tó ń wọ ilé dé ilé, tó ń yọjú wo inú ìkòkò omi, tó ń wo ẹ̀yìnkùlé, tí ọ̀gá ilé ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bí ó ti ń bẹ̀rù agbowó-orí lọ. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jogún iṣẹ́ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ fún wa ìgbà tí ẹ rí wọn kẹ́yìn ní àdúgbò yín.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kíkó pàǹtírí wà níbẹ̀. Àkóso bí a ti ń sin ẹran inú ilé àti bí wọ́n ti ń rìn kiri náà wà níbẹ̀. Nítorí náà bí ewúrẹ́ bá ń jẹ ẹ̀gẹ́ Bàbá Lágbájá ní Òkè-Àdán, tí pàǹtírí sì ga bí òkè lẹ́bàá ọjà Odò-Orí tí eku ń bí sí i, iṣẹ́ ọ́fíìsì kan ni kò di ṣíṣe. Ohun tí a wá ń rí ni pé ẹni tó lówó ra ẹ̀rọ, ó lé ìṣòro náà jáde kúrò ní ilé tirẹ̀ sí ti aládùúgbò, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ tí kò jẹ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ mọ́ yóò lọ jẹ ti opó tí kò lówó ẹ̀rọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ń tún ìlú ṣe?

Ẹni tó ni ẹran ni kí á bi. Láyé àtijọ́ bí ẹran ẹnìkan bá jẹ oko ẹnìkan, a máa ń mú ẹran náà so, olówó rẹ̀ á wá, wọn á jókòó, á san ohun tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tán. Ènìyàn bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yìí gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu wa, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan mọ́.

Nísinsìnyí, kí ni òfin wí lórí ariwo? Àjọ NESREA, tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀, ní ìlànà lórí ariwo láti ọdún 2009. Ó ní níbi tí ènìyàn ń gbé, ariwo kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì 50 lọ ní ọ̀sán, kò sì gbọdọ̀ ju 35 lọ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Ìwọ̀n 35 kò ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ púpọ̀. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n a ṣe é fún ariwo tí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi etí ara rẹ̀ gbọ́ kí ó tó gbé ẹ̀rọ ìwọn-ariwo jáde. Kò dárúkọ irú ìró tí à ń sọ yìí. Bí ayálégbé bá kọ ìwé ẹ̀sùn lórí rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta yóò dé, yóò dúró, yóò tẹ́tí, yóò sì lọ kọ̀wé pé òun kò gbọ́ nǹkan kan.

A mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi dá wa lóhùn. Yóò ní, ẹ̀yin tí ẹ ń fi sípíkà oníhọ́ọ̀nù mẹ́rin ṣe ìṣọ́-òru, ẹ̀yin lẹ wá ń sọ ti ẹ̀rọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ? Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi wá ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016 ìjọba Èkó kéde pé òun ti ti ṣọ́ọ̀ṣì àádọ́rin àti mọ́sáláṣí ogún pa nítorí ariwo. Àádọ́rin! Àwọn kan láàárín wa pariwo inúnibíni. Inúnibíni wo? Aláìsàn tó wà lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò lè sùn láti aago méjìlá òru títí di aago mẹ́rin, òun ni wọ́n ń ni lára. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A ń sọ ọ́ fún ara wa nìyí. Ọlọ́run tí à ń pè kò di etí.

Jẹnẹrétọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Kékeré orí rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí "I better pass my neighbour", ẹ wo orúkọ tí a sọ ọ́, tí a sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Èmi sàn ju aládùúgbò mi lọ! Ẹni tó ni ín a máa gbé e sí abẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn, kí èéfín àti ariwo lè lọ sí ọ̀hún, kí fáànù sì máa fẹ́ sí òun lára. Sípíkà, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ alé-ẹran: ìwà kan náà ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti sípíkà àti ti jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ, a lè pé jọ kí á lọ kàn án lójú. Èyí tí ọmọdé nìkan ń gbọ́, ta ni yóò bá a pé jọ? Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé òun ló léwu jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó tilẹ̀ kéré jù.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. À ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ onílé ní Gìdìgbó, Mọ́lété, Ìsàlẹ̀ Ọba, Òkè-Ọba àti Òkè-Àdán pé nígbà ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sí ara ohun tí wọn yóò jíròrò. Kí ẹni tó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ síta sọ fún àwọn tó yí i ká, kí ó má kọjú rẹ̀ sí fèrèsé ẹnikẹ́ni tàbí sí ibi tí a so ẹran mọ́, kí ó sì pa á láti aago mẹ́wàá alẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ariwo ti wí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó dá wọlé-wọlé padà sí àdúgbò, kí wọ́n kó pàǹtírí, kí wọ́n sì sọ fún wa ní gbangba ìlànà tó wà lórí ẹran tó ń jẹ̀ kiri. Iṣẹ́ wọn ni, owó wọn ni wọ́n fi ń gbà. Àwọn ọlọ́jà tó ń ta ẹ̀rọ náà, kí wọ́n yé sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń gbé lọ sí ààfin Olúwòó, bí onílé àti ayálégbé bá lè gbọ́ra wọn yé.

Fún ẹni tí irú ẹ̀rọ yìí ti wà nílé rẹ̀, a kò ní kí ó gbà wá gbọ́. Kí ó pe ọmọ mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ọ̀kan láti inú ilé tirẹ̀, méjì láti ilé aládùúgbò. Kí ó ní kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òun. Kí ó tan ẹ̀rọ náà, kí ó pa á, kí ó tún tàn án, láìsọ fún wọn, kí ó ní kí wọ́n na ọwọ́ sókè nígbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́ ìró. Bí ọwọ́ wọn bá ń lọ sókè ní gbogbo ìgbà tó bá tàn án, tí ó sì ń wá sílẹ̀ bí ó bá ti pa á, kí ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì níṣojú wọn, kí ó sì lọ bá ìyá ọmọ tí wọ́n ti pè ní òpùrọ́ ní yàrá kejì.